Agolo Kẹta

"Ẹ dákẹ́! Ó ti ń kú lọ," ni Àmúdàtù wí, gbogbo àwọn tó yí i ká sì pa ẹnu mọ́.

Ó gbá rédíò bàbá rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ lójú kan náà bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Píì-píì-píì tó ń ti inú rédíò náà jáde ń rẹlẹ̀ sí i, títí tó fi dákẹ́ pátápátá. Kíá ni Àmúdàtù na ìka síwájú, ó sọ rédíò kọ́ ọrùn, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Kí Ẹ̀bùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe é, tó yọ bébà àti lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jáde nínú àpò, Àmúdàtù ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkìtì ọ̀gán, agolo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì gba gbogbo ẹnu rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá!" ni Olúwajùwọ́n, olórí ẹgbẹ́ wọn, kígbe. "Wallahi, ọdẹ ni ọmọ yìí!"

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995 ni, nígbà tí ọyẹ́ bo gbogbo Kaduna, tí eruku kò jẹ́ kí ènìyàn mọ àwọ̀ òrùlé ilé ẹnì kejì. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́bàá Narayi, eré tuntun kan ti gba ọkàn àwọn ọmọ ju bọ́ọ̀lù lọ. Tíṣà Àyànníyì tó ń kọ́ wọn ní físíìsì ló kó o wá. Ọkùnrin gíga kan báyìí ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí kì í rí rédíò tó bàjẹ́ kó má tú u wò. Ó to ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́ta tó ń fọhùn sórí afẹ́fẹ́, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì, ó sì ní kí Ẹ̀bùn fi ọ̀dà pupa kọ 1, 2 àti 3 sí wọn lára. Yóò lọ fi wọ́n pamọ́ sínú igbó, àwọn ọmọ yóò sì gbé rédíò lọ́wọ́, wọn yóò fi ẹsẹ̀ rìn títí wọn yóò fi wá wọn rí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń pe àwọn agolo náà, nítorí pé wọ́n mọ ibi í sá pamọ́ sí bí olè adìyẹ. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta mìíràn nínú ìlú ti gbọ́ nípa eré yìí, wọ́n sì ti ní àwọn yóò wá bá wọn díje lẹ́yìn ọdún Àjíǹde.

Àṣírí eré náà kò le. Nínú rédíò kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá dúdú kékeré kan wà tó fi ń gbọ́ ohùn. Bí o bá ń yí rédíò náà, tí orí ọ̀pá yìí bá kọjú sí ibi tí ohùn ti ń wá gan-an, rédíò á ya odi. Ariwo ni gbogbo ayé ń gbé rédíò lé etí fún. Ìdákẹ́jẹ́ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wá ní tiwọn.

"Ṣùgbọ́n ọ̀pá ní orí méjì," ni Tíṣà Àyànníyì máa ń sọ fún wọn ní gbogbo Sátidé. "Ìlà ni ìdákẹ́jẹ́ fi ń hàn yín, kì í ṣe ibi. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè wà níwájú yín, ó sì lè wà lẹ́yìn yín. Ẹ rìn sí ẹ̀gbẹ́ ní igba ẹsẹ̀, kí ẹ tún un gbọ́. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé, ibẹ̀ ló wà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá…?"

"Àgbà òṣìkà ni, sà!" ni wọ́n máa ń dáhùn, wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Àmúdàtù a máa bá wọn dáhùn, a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ́ rin igba ẹsẹ̀ kankan. Kí ni yóò máa rìn ín sí? Ògiri ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń wà lẹ́yìn wọn ní pápá, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò sì lè gbé inú ògiri. Iwájú ló máa ń wà ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀bùn ni wèrè tó ń rin igba ẹsẹ̀, tó ń fa ìlà sórí bébà, tó sì máa ń dé nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ti ń mu omi. Àṣà tí kò tíì kó wa sí wàhálà, ọgbọ́n la máa ń pè é.

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni àwọn méjèèjì láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Bàbá Ẹ̀bùn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Silas, ní ṣọ́ọ̀bù onípákó kan ní òdì kejì títì tó dojú kọ ilé Àmúdàtù, níbi tó ti ń tún rédíò ṣe. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá ti gbé irin tó fi ń jó òjé dání, o lè kí i lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Lára àlòkù rédíò inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni tíṣà ti rí ohun tó fi to àwọn agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, tíṣà ní kí wọ́n gbìyànjú èyí tó le jù. Kì í ṣe pápá ilé ẹ̀kọ́ mọ́, gbogbo igbó tó wà láàárín Narayi àti Mahuta ni. Láàárọ̀ kùtù ló ti lọ fi àwọn agolo náà pamọ́. Wọ́n rí èkíní lábẹ́ afárá kékeré kan, wọ́n rí èkejì láàárín pòròpórò ọkà bàbà. Ṣùgbọ́n wọ́n wá ẹ̀kẹta títí, wọn kò rí i, ni tíṣà fúnra rẹ̀ bá lọ sí ìdí igi dógóyárò tó fi í sí. Ewé tó fi bò ó nìkan ló bá nílẹ̀.

"Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀, sà," ni Japhet wí, ọmọkùnrin tó gbé rédíò kejì dání. "Ṣùgbọ́n kò jọ pé ibí yìí ló wà."

Ojú Tíṣà Àyànníyì yí padà. "Ẹnì kan ti gbé e lọ. Orúkọ mi ló wà nínú ìwé àṣẹ tí wọ́n fi gbà wá láàyè. Ayé ológun la wà yìí o. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń fọhùn ṣeré." Ó nu eruku ojú rẹ̀. "Ẹ dúró síbí. Mò ń lọ mú máàpù àti kọ́ńpáàsì ní ilé ẹ̀kọ́. A ó wá a bó ṣe yẹ, láti ibi méjì. Kí ẹnikẹ́ni má kúrò lábẹ́ igi yìí."

Kò tíì rìn jìnnà tí Olúwajùwọ́n fi súnmọ́ Àmúdàtù. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Olúwajùwọ́n, ohùn rẹ̀ ti là, ohun tó bá sì sọ ni àwọn tó kù máa ń gbà.

"Bátìrì agolo yẹn á ti tán kí tíṣà tó dé," ni ó wí. "Haba, Àmúdàtù! Ṣé irú ọdẹ tó ń jókòó sábẹ́ igi nìwọ?"

"Tíṣà ní ká dúró," ni Ẹ̀bùn wí.

"Bó bá dé tó bá a lọ́wọ́ wa, ṣé á bínú ni? Ṣe ló máa dúpẹ́."

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe tíṣà ni Àmúdàtù ń rò. Ó ti ń rí ara rẹ̀ níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, tí ọ̀gá àgbà ń dárúkọ rẹ̀, tí àtẹ́wọ́ ń ró. Ó dìde, ó gbọn koríko kúrò lára yẹ̀rì rẹ̀, ó sì gbé rédíò lé àyà. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ẹ̀bùn náà tẹ̀ lé wọn, nítorí kò fẹ́ dúró nìkan nínú igbó.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà ń le sí i. Ó gbà wọ́n jáde nínú igbó, ó gbà wọ́n kọjá ilé ìjọsìn tí wọn kò tíì kọ́ tán, ó sì já wọn sí àdúgbò tí Àmúdàtù àti Ẹ̀bùn ń gbé. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé bàbá Àmúdàtù, rédíò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pariwo. Àmúdàtù dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ohùn náà rẹlẹ̀. Ó dákẹ́. Àmúdàtù gbé ojú sókè, ó sì na ìka bí ó ṣe máa ń nà án.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ẹ̀bùn ni ìka náà kọjú sí.

Ẹ̀bùn fa aṣọ Àmúdàtù. "Àmúdà, jẹ́ ká lọ sí ìdí kànga lọ́hùn-ún ká tún un gbọ́. Kò tó igba ẹsẹ̀. Jọ̀ọ́."

Àmúdàtù wo ojú Olúwajùwọ́n, ó wo ojú Japhet. Gbogbo wọn ń wò ó, wọ́n ń retí ohun tí ọdẹ yóò sọ. Bí ó bá lọ sí ìdí kànga báyìí, a jẹ́ pé òun náà kò dá ara rẹ̀ lójú nìyẹn.

"Ìlà ni mo rí yìí," ni ó wí. "Àbí nítorí pé bàbá tìẹ ni?"

Ẹ̀bùn jọ̀wọ́ aṣọ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní ìdí tábìlì onítíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe láti àárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn dìde. "Kai, lafiya? Kí lẹ̀ ń wá?"

"Barawo muke nema," ni Olúwajùwọ́n dá a lóhùn ní Hausa. Olè ni a ń wá.

"Ina yake? Níbo ló wà?"

Ìka Àmúdàtù ṣì wà lókè. Ìka náà ni wọ́n tẹ̀ lé.

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé ìlú yẹn mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń ṣe tó bá ti bọ́ sí títì. "Barawo!" ni ẹnì kan kígbe, àwọn mẹ́wàá gbà á, kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ogójì ènìyàn ti wà ní ẹnu ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì mọ ohun tó sọnù. Bàbá Ẹ̀bùn jókòó ti tábìlì rẹ̀, irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé?"

"Rédíò tí o jí gbé dà?"

Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà! Ṣọ́ọ̀bù tí rédíò kún láti ilẹ̀ dé àjà, tí wáyà àti bátìrì kún orí tábìlì, ẹ̀rí wo ni ogunlọ́gọ̀ tó ń bínú tún ń wá? Wọ́n ń da àwọn rédíò sílẹ̀, Bàbá Ẹ̀bùn sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé ohun oníbàárà ni, ohun oníbàárà ni. Ẹnì kan fa pákó ńlá tó fi ń ti ojú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó já a lulẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà ló bà lé.

Àmúdàtù gbọ́ igbe náà. Ó gbọ́ igbe Ẹ̀bùn pẹ̀lú, tó ń ti àwọn ènìyàn kiri láti wọlé. Okùn rédíò já lọ́rùn Àmúdàtù láàárín èrò, rédíò bàbá rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ó ti dákẹ́!" Japhet ni ó kígbe bẹ́ẹ̀, ó ń gbọn rédíò tirẹ̀. "Mi ò gbọ́ ọ mọ́! Ó ti pa á!"

Ìyẹn wá jẹ́ ẹ̀rí tó kù. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti pa agolo, ó ti fi í pamọ́. Nígbà tí Tíṣà Àyànníyì fi tẹ̀ lé ariwo sáré dé, tó fi èjìká la èrò kọjá, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára ògiri pákó náà. Òun àti àwọn àgbà méjì ló gbé Bàbá Ẹ̀bùn sínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, Ẹ̀bùn sì bá a lọ. Kí tíṣà tó wọ ọkọ̀, ó yíjú sí Àmúdàtù.

"Láti ibi mélòó lo ti gbọ́ ọ?"

Olúwajùwọ́n tẹ orí ba. Japhet ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ibi méjì, sà," ni Àmúdàtù wí.

* * *

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó wọlé. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, abọ́ ẹ̀pà yíyan wà níwájú rẹ̀, ó ń wọn ẹ̀pà sínú ọ̀rá fún ọjà ọjọ́ kejì. Àmúdàtù kúnlẹ̀ kí i, ó fẹ́ kọjá. Ojú rẹ̀ bá ṣe kòńgẹ́ ohun tó fi ń wọn ẹ̀pà.

Agolo mílíìkì ni. Nọ́ńbà 3 wà lára rẹ̀ ní ọ̀dà pupa.

"Ìyá, níbo lẹ ti rí agolo yìí?"

"Ìdí dógóyárò kan lọ́nà Mahuta. Mo lọ ra ẹ̀pà lọ́dọ̀ Zuwera láàárọ̀." Ìyá rẹ̀ gbé e sókè, inú rẹ̀ dùn. "Wò ó bó ṣe mọ́ tó, kò dípẹtà níbì kankan. Ti àtijọ́ ti lu, àwọn oníbàárà ti ń ní mo ń rẹ́ wọn jẹ. Wáyà àti bátìrì ló wà nínú rẹ̀, mo rò pé àwọn ọmọ ló fi ṣeré tí wọ́n sọ ọ́ nù. Ìgbà tí ariwo yẹn ń lọ níta ni mo fi ọ̀bẹ tú u. Ẹ̀rù bà mí, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí." Ó gbé agolo náà sílẹ̀. "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní Bàbá Ẹ̀bùn jalè? Ọkùnrin tí kì í gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ?"

Àmúdàtù tẹjú mọ́ agolo náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó wà nígbà tó ń yí rédíò. Ní gbogbo ìgbà tó fi na ìka sí ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni, inú ilé tiwọn gan-an ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ìyá rẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀ báyìí, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò pè ní olè. Bí àwọn tó wà ní ìdí tábìlì onítíì bá sì gbọ́ ńkọ́?

Ó ní òun yóò sọ ọ́ lọ́la.

Lọ́la dé, kò sọ ọ́. Ó kó àwọn wáyà sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì fi iyanrìn ha nọ́ńbà pupa náà kúrò lára agolo nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà. Bàbá rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí kì í jáde láàárọ̀ láìgbọ́ ìròyìn, bi í léèrè rédíò. Ó ní ó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Irọ́ kan kì í dá gbélé. Ó ti bí èkejì.

Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ilé ìwòsàn. Ìka mẹ́ta ló kán, eegun àtẹ́lẹwọ́ sì fọ́. Dókítà ní ọwọ́ náà yóò jinná, ṣùgbọ́n kò ní lè ká mọ́ dáadáa. Láti ojú fèrèsé ni Àmúdàtù ti ń wo àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń wá kó rédíò wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì jẹ́ kí ojú wọn pa pọ̀ mọ́ ti Màmá Ẹ̀bùn tó ń kó o fún wọn. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti ẹgbẹ́ náà pa, ìdíje ọdún Àjíǹde sì di àlá. Wọ́n kọ ìwé pé kí Tíṣà Àyànníyì wá sọ tẹnu rẹ̀. Àga Ẹ̀bùn ṣófo. Àwọn ọmọ ṣì ń pe Àmúdàtù ní ọdẹ tó bá ń kọjá, ìgbà gbogbo tí wọ́n bá pè é ló ń mú ẹsẹ̀ yá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rìn dé ẹnu ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tó ń gbálẹ̀ ní ojúde ilé wọn, ó gbọ́ ohùn kan tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ̀bùn ni. Ó ti rù. Ó gbé nǹkan kan dání tó fi aṣọ wé, ó nawọ́ rẹ̀ sí Àmúdàtù. Rédíò bàbá Àmúdàtù ni, wọ́n ti fi gúlúù lẹ ara rẹ̀ tó fọ́.

"Mo rí i nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ni Ẹ̀bùn wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Dádì ní bàbá yín ò lè ṣe kó má gbọ́ ìròyìn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà wọ́n. Irin jó wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n má gba nǹkan kan."

Àmúdàtù gbé rédíò náà mọ́ àyà. Ó mọ̀ pé òun yóò sọ ọ́ báyìí, pé kò sí ohun tó tún lè dá òun dúró, ìbáà jẹ́ pé gbogbo Narayi ni yóò gbọ́. "Ẹ̀bùn," ni ó bẹ̀rẹ̀, "Ẹ̀bùn, mo fẹ́…"

"Ṣé Ẹ̀bùn nìyẹn?" Ìyá Àmúdàtù yọ sí ẹnu ọ̀nà, àánú kún ojú rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bàbá ń kọ́? Dúró, gba ẹ̀pà díẹ̀ lọ fún wọn." Ó bu ẹ̀pà kún agolo bámúbámú, ó ń bọ̀ wá dà á sínú aṣọ ọwọ́ Ẹ̀bùn.

Ẹ̀bùn kúnlẹ̀, ó tẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ dúró sí ara agolo. Iyanrìn ti ha ọ̀dà náà, ṣùgbọ́n kò wọ inú ojú ìsopọ̀ agolo, ìlà pupa tín-ínrín kan ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun nǹkan kì í ṣì í mọ̀.

"Ìyá, níbo lẹ ti rí agolo yìí?" ni ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Ìdí dógóyárò kan lọ́nà Mahuta," ni ìyá náà dáhùn, tayọ̀tayọ̀, bó ṣe dáhùn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. "Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí."

Ẹ̀bùn yíjú sí Àmúdàtù. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn wò ó pẹ́. Ó rọra da ẹ̀pà náà padà sínú agolo títí tí kò fi ku ọ̀kan nínú aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó dìde, ó sì sọdá títì.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Àmúdàtù fi ní ẹnu tó lè fi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó fẹ́ sọ ọ́, agolo ti ṣáájú rẹ̀ sọ ọ́.

* * *

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti rò gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ì bá sàn kí ó nà án. Ó wọ fìlà rẹ̀, ó ní kí ìyá rẹ̀ gbé agolo náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọdá títì. Ọkùnrin tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí na ara rẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ilé Bàbá Ẹ̀bùn. Ìyá Àmúdàtù ń sunkún, ó ń wí pé òun ni kí wọ́n bá wí, òun tí òun ń ṣa agolo kiri.

"Ẹ dìde, Alàgbà. Ẹ dìde, ìyá. Ẹ kò mọ̀," ni Bàbá Ẹ̀bùn wí. Ó wo Àmúdàtù tó wà lórí eékún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì lórí itan rẹ̀. "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run gbọ́ pé mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í to eegun."

Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ìdí tábìlì onítíì, ó ní kí ó sọ ọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sọ ọ́ sókè. Ó sọ ọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo tíì inú ife wọn. Ìyàlẹ́nu ni pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wọn ló ní àwọn jìnnà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, bó ṣe ti lálàá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìpàdé àárọ̀, ó lọ bá Tíṣà Àyànníyì ní yàrá ẹ̀kọ́ físíìsì. Tíṣà ń di ìwé sínú páálí. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tó jìnnà lọ́nà Birnin Gwari. Àmúdàtù kúnlẹ̀.

"Ibi kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, sà. Mo purọ́ fún yín."

"Mo fura sí i," ni tíṣà wí, kò dẹ́kun ìwé dídì.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, sà?"

Ó dúró. Ó wò ó pẹ̀lú ojú tó ti rẹ̀. "Ìfura nìkan ni mo ní. Ìlà kan ṣoṣo nìyẹn. Mo ń wá èkejì."

Ìdílé Ẹ̀bùn kò pẹ́ mọ́ ní Kaduna. Atún-rédíò-ṣe tí ìka rẹ̀ kò ká, kí ni yóò máa jẹ ní ìlú onílùú? Ní ìparí oṣù kejì, ọkọ̀ akẹ́rù kan wá kó ẹrù wọn lọ sí Ọ̀yọ́. Àmúdàtù dúró sí ojúde, ó ń retí pé Ẹ̀bùn á ju ọwọ́ sí òun. Ẹ̀bùn jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà, kò wẹ̀yìn títí tí eruku fi bo ọkọ̀ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Àmúdàtù rìn láti ibi tó dúró sí lọ́jọ́ náà dé ìdí kànga, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́rìnléláàádọ́jọ ni. Igba tí tíṣà wí kò pé. Ká ní ó rìn ín ni, ohùn agolo á ti fà á padà sí ilé ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ á ti bẹ tíṣà, gbogbo wọn á ti fi rẹ́rìn-ín, Bàbá Ẹ̀bùn á sì máa jó òjé rẹ̀ lọ. Ó jókòó sí etí kànga náà, ó sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹyin lohùn, ìka tí a nà sí ènìyàn náà, ẹyin ni; bó bá ti bọ́, kò ṣe é kó mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyìn ẹgbẹ́ sáré mú yín sọ ohun tí ẹ kò tíì rí tán. Bí ẹ bá sì ti ṣìnà, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí òtítọ́ tó bá pẹ́ jù lọ́nà, yóò kàn dé bá ibi tó ti bàjẹ́ ni. Láràárọ̀ ni bàbá Àmúdàtù ṣì ń fi rédíò tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ yẹn gbọ́ ìròyìn. Ó ń dún geere, ọwọ́ òsì tó tún un ṣe mọ iṣẹ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Àmúdàtù máa ń dìde kúrò níbẹ̀.